Ilé Gbígbóná Tí Bahilay Kọ́ fún Katakata Ìyàwó Rẹ̀

Ẹ sún mọ́ ààrò, kí ẹ ti ilẹ̀kùn yẹn dáadáa, òtútù ò nílé, ilé ẹni ẹlẹ́ni ló máa ń wá. Ìtàn mi dá lórí obìnrin kan. Kì í ṣe ti ìjàpá, kì í sì í ṣe ti ọmọ ọba. Obìnrin tó ń jẹun tó ń rẹ́rìn-ín ni, tí ẹ bá sì gba ẹ̀gbẹ́ ọgbà rẹ̀ kọjá lówùúrọ̀, ẹ ó gbọ́ tó ń bá irin sọ̀rọ̀.

Moturuona lorúkọ rẹ̀. Ó kúrú, ó ki, ọwọ́ rẹ̀ sì dúdú wọnú èékánná débi pé kò sí ọṣẹ tó lè bá a bọ́ ọ. Ó jẹ́ ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rin, ó sì ti fi àádọ́ta ọdún nínú rẹ̀ wa katakata. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni nígbà tí bàbá rẹ̀ kú, tí oko ìjọba ń wá ẹni tí yóò jókòó sórí ẹ̀rọ tí bàbá náà fi sílẹ̀. Àwọn ọkùnrin ń wo ara wọn lójú. Kí wọ́n tó wojú ara wọn tán, ọmọbìnrin náà ti gùn ún. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Ṣùgbọ́n nígbà tí yìnyín yóò fi yọ́ lọ́dún náà, ẹ̀rín ti tán lẹ́nu wọn, nítorí katakata tirẹ̀ nìkan ni kò kọ̀ láti jí ní àárọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo.

Ilidya ló kọ́ ọ níṣẹ́. Ọkùnrin kan tí òtútù ti jẹ ìka rẹ̀ méjì ni, kì í sì í ṣàlàyé ohunkóhun. Ńṣe ni yóò bọ́ ìbọ̀wọ́ ọmọbìnrin náà, yóò gbé ọwọ́ rẹ̀ lé ikùn ẹ́ńjìnnì, yóò wá bi í pé, "Kí ló sọ?"

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, Moturuona dáhùn pé ó ní òtútù ń mú òun.

"Irọ́ ni," Ilidya wí. "Òtútù kì í mú irin. Ọ́ìlì inú rẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀. Ó ní òun ti ki bí oyin, òun ò lè sàn mọ́. Gbọ́ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ kó o tó dá a lóhùn."

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í mọ àìsàn tí òtútù ń fà, bí ìyá ṣe ń mọ ikọ́ ọmọ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ́ìlì a máa ki. Epo dísẹ́ẹ̀lì a máa dì bí ọ̀rá ẹṣin tí a gbàgbé síta. Bátìrì a máa ṣọ̀lẹ. Omi a máa dì nínú rédíétọ̀, a sì bẹ́ irin rẹ̀ bí ẹni bẹ́ obì. Oògùn wà fún gbogbo wọn, gbogbo oògùn náà ló sì gba eegun. Bí iṣẹ́ bá ti tán, yóò ṣí omi dànù. Yóò fa ọ́ìlì sínú garawa, yóò gbé e wọlé. Yóò tú bátìrì, yóò gbé e mọ́ àyà bí ọmọ ọwọ́, yóò tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò. Bó bá di àárọ̀, yóò kó ẹyín iná sínú àwo irin, yóò tì í sábẹ́ ikùn ẹ́ńjìnnì, yóò fi awọ ẹṣin bò ó lórí kí ooru má sá lọ, yóò da omi gbígbóná sí i, yóò wá ṣáná sí i. Gbogbo abúlé ló mọ̀ pé bátìrì Moturuona ń sún mọ́ ààrò ju ọkọ rẹ̀ lọ.

Ọkọ rẹ̀ ni Bahilay, olùtọ́jú ẹṣin. Ọ̀rọ̀ wọ́n lẹ́nu ọkùnrin yìí bí ọjọ́ àjọ̀dún. Bí wọ́n ṣe pàdé rèé: abo ẹṣin rẹ̀ kan já sínú odò níbi tí omi dídì ti fẹ́lẹ́, Moturuona sì fi okùn àti katakata fà á yọ. Nígbà tí ẹṣin náà gbọn omi nù tán, Bahilay ò kí i pé o ṣeun. Ó wo ẹ́ńjìnnì títí, ó wá béèrè pé, "Ṣé èyí máa ń sùn?" Moturuona ní ó ń sùn ju òun lọ. Ní ọjọ́ kejì, ọkùnrin náà dé pẹ̀lú awọ ẹṣin kan tó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ rọ̀, ó gbé e lé orí ẹ́ńjìnnì, ó yí padà, ó lọ. Àwọn ọkùnrin mìíràn a máa da aṣọ bo obìnrin. Bahilay da aṣọ bo ẹ́ńjìnnì, ọmọbìnrin náà sì mọ ohun tó ń wí. Awọ kan náà ló ṣì ń bo katakata náà títí di òní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé irun ti tán lára rẹ̀.

Nígbà tí oko ìjọba tú ká, kò sẹ́ni tó fẹ́ ògbólógbòó katakata pupa náà. Moturuona fà á wá sílé. Turagas ló ń pè é, bí a ṣe ń pe ẹṣin pupa.

Ó wá di ìgbà òtútù ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Moturuona ń gbé bátìrì bọ̀ wálé, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀ lórí yìnyín, ó fi ẹ̀yìn balẹ̀. Kò jẹ́ kí bátìrì fọwọ́ kan ilẹ̀. Àyà rẹ̀ ló gbà á, ó sì wúkọ́ títí di ìgbà tí yìnyín fi yọ́. Bahilay rí i. Nígbà tí ooru dé, ó mú àáké, ó wọ inú igbó.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn méjì gbáko ló fi kọ́ ilé náà. Ó gé igi líle, ó bó èèpo rẹ̀, ó tò ó, ó fi ewédò gbígbẹ dí gbogbo àlàfo rẹ̀, ó fi ìgbẹ́ màlúù rẹ́ ẹ níta, ó mọ ààrò bíríkì sí i ní igun. Àwọn ènìyàn ń bi í léèrè pé ṣé ọmọ rẹ̀ ń ṣí bọ̀ láti ìlú ńlá ni. Ńṣe ló ń fi àáké rẹ̀ bó igi lọ. Ní oṣù kejìlá, ó ṣí ilẹ̀kùn gbàgàdà, ooru bú jáde bí èémí màlúù, ó wá sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé, "Kó wọlé."

Moturuona wa Turagas wọlé. Ó pẹ́ kó tó sọ̀kalẹ̀. Ó ní òun ń wá sípánà lábẹ́ ìjókòó, ṣùgbọ́n kì í ṣe sípánà ló ń nù lójú.

Láti ọjọ́ náà lọ, ẹyín iná di ìtàn. Bátìrì ń sùn nínú katakata bí ọmọlúwàbí. Kí Moturuona kàn fọwọ́ kan án lówùúrọ̀ ni, Turagas a ti dáhùn. Obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í sùn títí oòrùn fi ń yọ, ara rẹ̀ sì ń dán. Nítorí ilé náà gbóná tó sì láyè, Bahilay gbé àgbá omi lọ síbẹ̀. Gbogbo wa la mọ bí àgbá omi ṣe ń gba àyè nínú ilé: láràárọ̀ ni a ń ru omi dídì tí a gé nínú adágún wọlé, tí a ń jù ú sínú àgbá kó yọ́, kí a tó rí omi mu. Ó gbé e kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn ìyàwó rẹ̀, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò tuntun. Ó fi ìbọ̀wọ́ àti bàtà tó rin fún omi kọ́ orí igi àjà. Ilé ń gbóná, omi ń kán tó, tó, tó. Ta ni yóò rò ó pé ibi lè ti inú ìrọ̀rùn wá?

Màlúù mẹ́ta ni tọkọtaya náà ní. Kharachaan ni àgbà wọn, dúdú tí iwájú orí rẹ̀ funfun. Oyún wà nínú rẹ̀, ó ku bí ọ̀sẹ̀ méjì kó bí. Koríko wọn wà ní pápá Uhun, ogún kìlómítà sí abúlé, ní òdìkejì odò àti irà. Ìgbà tí irà bá dì nìkan ni a lè dé ibẹ̀, Turagas ló sì máa ń fi pákó gbọọrọ tó ń wọ́ lórí yìnyín kó koríko náà wálé. Lọ́dún yẹn òjò ti ba ti àyíká ilé jẹ́. Ní oṣù kìíní, lọ́jọ́ tí Moturuona ń lọ kó ti Uhun, koríko tó kù nílé kò ju oúnjẹ ọjọ́ mẹ́rin lọ. Màlúù tí ebi bá sì kì mọ́lẹ̀ nínú òtútù oṣù kìíní, ẹ má wulẹ̀ retí rẹ̀ ní oṣù kejì, áńbọ̀sìbọ́sí èyí tó lóyún.

Òtútù ọjọ́ náà wọ ìwọ̀n mẹ́tàléláàádọ́ta sísàlẹ̀ òdo. Èémí ènìyàn ń dún wínníwínní bí ó ti ń jáde lẹ́nu. Bahilay fún iná ní ìjẹ tirẹ̀ gẹ́gẹ́ bí a ti ń ṣe kí ará ilé tó rìnrìn àjò: ó já àkàrà pẹlẹbẹ, ó fi bọ́tà sí i, ó jù ú sínú ààrò, ó bá iná sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Turagas jí ní ìfọwọ́kàn kan. Ó jáde nínú ilé gbígbóná pẹ̀lú èéfín funfun, ó gun ọ̀nà. Ó dé etí odò. Ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀kejì, ó dákẹ́ gbí.

Erchim ló fi ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀ fà á padà. Ọmọ aládùúgbò ni Erchim, ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún, ó kẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀rọ nílùú ńlá, ẹ̀kọ́ náà kò sì jẹ́ kó lè panu mọ́. Ó ní ọ̀rọ̀ náà kò le. Ó ní epo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni Logontoy elépo tà fún Màmá, ó ti dì bí ọ̀rá. Moturuona náà rò bẹ́ẹ̀. Ó bu kẹrosíìnì sí epo náà, èyí tí í ṣe oògùn ọ̀rá. Wọ́n sì ti Turagas sínú ilé kó yọ́. Kí wọ́n tó jẹun tán, ara rẹ̀ ti yá, ó jí kíákíá, ó ń dún bí olóńgbò tó mu wàrà.

Ọjọ́ kejì, ó tún jáde. Kò dé etí odò. Ibi ilé màlúù ló ti wúkọ́, tó kú. Wọ́n tún fà á wọlé. Ó tún jí. Moturuona fi gbogbo ọ̀sán gbọn epo inú gbogbo páìpù dànù, ó fi iná mú wọn gbóná, ó pààrọ̀ aṣọ asẹ́ epo. Ọjọ́ kẹta, Turagas kú sẹ́nu géètì, ìrù pákó tó ń wọ́ kò tíì kúrò nínú ọgbà.

"Màmá," Erchim wí, "nínú ilé ó le koko, níta ó kú fin-ín. Bíi bàbá mi lọ́jọ́ iṣẹ́."

Moturuona ò rẹ́rìn-ín. Ó ń wo ilé màlúù. Koríko tó kù kò ju ti òní àti ti ọ̀la, bẹ́ẹ̀ ló ti dín ti àwọn méjì yòókù kù kí Kharachaan lè rí jẹ. Kharachaan ti bẹ̀rẹ̀ sí í lá igi ògiri.

Bahilay dúró sẹ́yìn wọn. Nígbà tó wá la ẹnu, ọ̀rọ̀ méjì péré ló sọ. Èkíní ni pé bí ilẹ̀ bá mọ́, òun yóò fi ẹṣin lọ sí Uhun. Èkejì ni pé kí òun tó lọ, òun ní ọ̀rọ̀ bá Logontoy sọ.

Moturuona ṣírò ọ̀rọ̀ náà. Ẹrù koríko tí ẹṣin lè fà kò ní tó ọjọ́ mẹ́ta. Ẹṣin tó bá sì làágùn nínú òtútù mẹ́tàléláàádọ́ta, òógùn náà ni yóò pa á. Ẹni tó sì wà lẹ́yìn ẹṣin náà, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin ni, àyà rẹ̀ kò sì sàn ju ti Moturuona lọ. Ó sì mọ ọkọ rẹ̀. Bahilay kì í sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, nítorí ti àkọ́kọ́ ló máa ń ṣe.

Bí Turagas kò bá dìde lónìí, ọkọ rẹ̀ ń lọ lọ́la. Ìyẹn ló wà níbẹ̀.

Ó ní kí Erchim máa lọ sílé. Ó bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé ara katakata náà lẹ́nu géètì níbẹ̀. Irin bu ọwọ́ rẹ̀ ṣán. Kí ló sọ? Ikùn ẹ́ńjìnnì ṣì lọ́ọ́wọ́ọ́. Ọ́ìlì kọ́ ló ń sọ̀rọ̀. Bátìrì ṣì ń yí i wìnìwìnì. Kì í ṣe bátìrì. Ebi ló ń pa á. Ó jẹ òkèlè mẹ́ta, ọ̀fun rẹ̀ dí. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ọ̀rá ló dí ọ̀fun rẹ̀, kí ló dé tí kẹrosíìnì kò fi tú u? Kí ló sì dé tó fi jẹ́ pé bó bá ṣe ń sùn nínú ilé tó, bẹ́ẹ̀ ni ìrìn rẹ̀ ń kúrú sí i?

Ó tú ife gíláàsì kékeré tó wà lábẹ́ asẹ́ epo. Nǹkan funfun wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, wẹ́wẹ́wẹ́. Ó dà á sórí ọmọrí ìkòkò, ó gbé e wọ ilé ìdáná. Ó fẹ́ jù ú sínú iná kó rí ohun tí yóò ṣe, ṣùgbọ́n ó rántí pé a kì í ju ẹ̀gbin sínú iná tó ń gbọ́ àdúrà ẹni. Ó fi ṣíbí bu díẹ̀ lára rẹ̀, ó kán an sórí irin ààrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí àkàrà wà.

Gbogbo obìnrin tó ti dínran rí ló mọ bí ọ̀rá ṣe ń ṣe: yóò tẹ́, yóò dán, yóò rùn. Èyí kò tẹ́. Ó ká ara rẹ̀ jọ róbótó, ó fò, ó jó, ó dún ṣáá, ó pòórá.

"Omi ni," Moturuona wí.

Bahilay wà létí ilẹ̀kùn, ó ń wọ bàtà. Ó gbọ́. Ojú rẹ̀ dúdú. Ó ní òun mọ̀. Ó ní Logontoy bu omi sí epo. Ó dé fìlà rẹ̀, ó jáde.

Moturuona ní kó dúró kí òun yẹ inú táǹkì wò ná. Bahilay ò dúró. Obìnrin náà sáré wọ ilé katakata láti mú àrọ epo. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ ni nǹkan tutù kan kán sí i lọ́rùn, tó!

Ó gbé ojú sókè.

Gbogbo igi àjà ló ń làágùn. Òógùn náà tò lẹ́sẹẹsẹ bí ìlẹ̀kẹ̀, ó ń dán nínú ìmọ́lẹ̀ ààrò. Àgbá omi ń yọ ooru olómi, omi dídì ń yọ́ nínú rẹ̀. Ìbọ̀wọ́ ń gbẹ. Bàtà ń gbẹ. Ibo ni omi inú wọn ń lọ? Ó padà sí ẹnu géètì, ó ṣí ìdérí táǹkì Turagas, ó ki ìka bọ̀ ọ́. Epo inú rẹ̀ kò tó ìdajì. Ara irin òkè níbi tó ṣófo ti hu yìnyín bí irùngbọ̀n arúgbó.

Ó yé e. Irin tó tutù wọ inú ilé tó gbóná tó sì rin fún omi, ikùn rẹ̀ sì ṣófo sí ìdajì. Ibi tó ṣófo náà ń mí. Ooru olómi ni ó ń mí sínú, omi ń ṣàn sí ìsàlẹ̀ táǹkì, bó bá sì jáde síta, omi náà á dì sí i lọ́fun. Lálaalẹ́ ni wọ́n ń tọ́jú aláìsàn náà, lálaalẹ́ ni wọ́n ń fún un ní májèlé sí i.

Moturuona dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ìka rẹ̀ tó ń dì. Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́ fún yín, ó wá sí i lọ́kàn pé kí òun dákẹ́. Logontoy ti purọ́ tó láyé rẹ̀ débi pé bí wọ́n bá di ọ̀kan sí i tì í lọ́rùn, kò sẹ́ni tí yóò bi í pé ṣé tirẹ̀ ni. Bahilay yóò sì máa wo ilé rẹ̀ pẹ̀lú ìdùnnú lọ. Àmọ́ bí irọ́ bá rìn fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a, ọjọ́ náà sì lè jẹ́ ọ̀la, lẹ́nu géètì yìí kan náà.

Ó ké sí ọkọ rẹ̀ tó ti ń dé ojú ọ̀nà. "Bàbá arúgbó, padà."

"Tí mo bá bá Logontoy wí tán."

"Kì í ṣe Logontoy."

Bahilay dúró. "Ta wá ni?"

Moturuona mú un lọ́wọ́ wọ inú ilé katakata, ó dúró tì í, ó ń retí. Kò pẹ́. Omi kán sí ọkùnrin náà nímú. Ó gbé ojú sókè, ó wo àjà, ó wo àgbá, ó wo ìbọ̀wọ́ rẹ̀. Olùtọ́jú ẹṣin ni, kì í ṣe òmùgọ̀.

"Ilé mi ni."

"Ilé wa," Moturuona wí. "Àádọ́ta ọdún ni mo fi kọ́ àìsàn òtútù. Kò sẹ́ni tó fún katakata mi nílé rí, báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀ pé ooru náà ní àìsàn tirẹ̀?"

"Ṣé kí n wó o?"

"Wó o. Kó o sì wá ibi tí wàá máa sùn."

Bahilay jókòó sórí àpótí. Ó ń fi ọwọ́ pa igi ògiri, igi tó bó fúnra rẹ̀. Moturuona ṣàlàyé fún un bí ikùn tó ṣófo ṣe ń mí omi sínú. Ọkùnrin náà ń gbọ́, ó ń mi orí. Lẹ́yìn náà ló béèrè, pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń bá ẹṣin tó ń fòyà sọ̀rọ̀, pé, "Bí a bá bọ́ ọ yó kó tó sùn ńkọ́?"

Moturuona wò ó. Àádọ́ta ọdún lórí katakata, olùtọ́jú ẹṣin ló rí i.

"Bó bá yó, kò sí ibi tí yóò fi mí," ó wí.

"Ẹṣin náà bẹ́ẹ̀ ni," ni Bahilay sọ, ó sì dìde.

Wọ́n ké sí Erchim padà. Wọ́n gbé àgbá omi síta, wọ́n kó ìbọ̀wọ́ àti bàtà, wọ́n fa Turagas wọlé kí omi inú rẹ̀ lè yọ́. Moturuona tú ìdè ìsàlẹ̀ táǹkì. Ohun tó kọ́kọ́ jáde kì í ṣe epo. Ó tó agolo méjì. Erchim wò ó, ó ní òun yóò lọ bẹ Logontoy nítorí òun ti sọ fún ìdajì abúlé pé epo rẹ̀ ni kò dára. Moturuona ní kó lọ sọ òtítọ́ fún ìdajì náà, kó sì sọ ọ́ fún ìdajì kejì pẹ̀lú. Wọ́n fi aṣọ òwú nínípọn sẹ́ epo tó kù, wọ́n fi iná mú páìpù kọ̀ọ̀kan gbóná títí omi fi tán nínú rẹ̀, wọ́n pààrọ̀ asẹ́.

Omi díẹ̀ tó fara pamọ́ ló kù. Moturuona ní ọtí tó mọ́ gaara, tí kò ní omi nínú rárá, ló lè gbé ìyẹn mì, ṣùgbọ́n ta ló ní irú rẹ̀? Bahilay jáde. Ó lọ sẹ́yìn ilé màlúù, ó fa ògbólógbòó bàtà kan jáde, ó yọ ìgò nínú rẹ̀. Ọdún mẹ́fà ló ti ń tọ́jú rẹ̀ de ìgbéyàwó ọmọ-ọmọ wọn. Ọdún mẹ́fà náà ni Moturuona sì ti mọ ibi tó wà, tó ń fi bàtà náà sílẹ̀ bí ẹni tí kò rí i.

Bahilay kán díẹ̀ sínú ààrò fún iná, ìjẹ ti àgbà. Iná fò sókè, ó búlúù. Ó wá da ìyókù sínú táǹkì, ó ń wo ìgò náà títí ó fi gbẹ.

"Màmá," Erchim wí, "ó máa mutí yó báyìí, kò ní mọ̀nà Uhun mọ́."

"Mo ti rí katakata tó mutí tó délé," Moturuona dá a lóhùn. "Bàbá rẹ ni n ò tíì rí."

Wọ́n bu epo sí táǹkì títí ó fi dé ọrùn. Moturuona fi ọwọ́ pọ́ǹpù ti atẹ́gùn jáde nínú páìpù títí epo fi ń jáde láìsí ìfófò, ó sì de gbogbo rẹ̀ pinpin.

Ọjọ́ kẹrin mọ́. Kharachaan jẹ ẹ̀kúnwọ́ koríko tó gbẹ̀yìn. Bahilay bọ́ iná. Turagas jí, ó jáde, ó kọjá géètì. Moturuona jókòó lókè, etí rẹ̀ wà lẹ́nu ẹ́ńjìnnì bí etí ìyá lẹ́nu ọmọ tó ń sùn. Ó kọjá ilé màlúù. Ó dé etí odò, níbi tó ti kọ́kọ́ kú. Turagas kò tilẹ̀ wo ibẹ̀. Ó gun orí omi dídì, ó kọjá odò, ó dorí kọ Uhun.

Oòrùn kò tíì wọ̀ nígbà tó padà dé, koríko ga lẹ́yìn rẹ̀ bí òkè, ó ń rùn bí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bahilay ló ṣí géètì. Bó ṣe yíjú ni Moturuona rí etí rẹ̀ ọ̀tún, funfun báláú, òtútù ti jẹ ẹ́.

Ó sọ̀kalẹ̀. "Fìlà rẹ ńkọ́?"

"Mo ṣí i kí n lè máa gbọ́."

Gbogbo wa la mọ bí ìró ṣe ń rìn jìnnà nínú irú òtútù bẹ́ẹ̀. Moturuona béèrè pé títí di ìgbà wo ló fi dúró.

"Títí n ò fi gbọ́ ọ mọ́," Bahilay wí, ó sì lọ fa koríko fún Kharachaan.

Moturuona fi ọ̀rá pẹ́pẹ́yẹ pa etí náà fún un, ó sì bú u dáadáa nígbà tó ń pa á. Kó tó sùn, ó jáde lọ wo Turagas. Igi àjà ti gbẹ. Ọkọ rẹ̀ ti wà níbẹ̀, ó gun orí àpótí, aṣọ ni ó fi di etí bí arúgbó obìnrin, ó ń fi àrọ da epo sínú táǹkì díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó dé ọrùn, ó fi ìka kan ara irin náà, kó, kó, ó tẹ́tí sí i.

"Ó yó," ó wí.

Wọ́n jọ wọlé. Nínú òkùnkùn ilé, ẹsẹ̀ Moturuona tẹ omi tó tutù rinrin, ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ mu ún. Àgbá omi ti padà sí àyè rẹ̀ àtijọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, lápá ọ̀dọ̀ rẹ̀ gan-an. Ó dúró títí ọkùnrin náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í hanrun, ó wá dìde, ó rọra ti àgbá náà yí ẹsẹ̀ ibùsùn ká, ó tì í dé apá ọ̀dọ̀ Bahilay, ó sì padà lọ sùn.